Ọ̀rá-Àpọ̀jù àti Àrùn Fáírọ́ọ̀sì Ọ̀nà-Èémí: Kíkó, Líle àti Ríràn

Bí Yorùbá bá pàdé ẹni tí wọ́n ti rí i fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n sì sọ fún un pé, "Ẹ mà sanra o!", ìkíni rere ni wọ́n kí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ara tù ú, ilé rẹ̀ tòrò, oúnjẹ ń dé ẹnu rẹ̀ lásìkò, àìsàn kò sì bá a jà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó rù ni yóò délé tí yóò máa wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kì í ṣe àṣà nìkan ni ó fa èyí. Ìhun ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ sí i. Bí a bá tú "sanra" palẹ̀ sí "san" àti "ara", ó ṣòro kí etí má gbọ́ "sàn" tí ó wà nínú "àìsàn", nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí "rà" ti í di "ra" nínú "ra aṣọ". Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, òdìkejì ibi tí aláìsàn wà ni ẹni tí ó sanra wà.

Ibẹ̀ ni ìṣòro atúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ibẹ̀ ka àwọn tí ọ̀rá ara wọn kọjá ààlà gidigidi mọ́ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù lọ, pẹ̀lú àwọn arúgbó, àwọn aláboyún àti àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì dé, wọ́n tún pè wọ́n kí wọ́n wá gbà á ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ orí. Yorùbá pọ̀ ní London àti ní àwọn ìlú mìíràn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tàbí bàbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáradára ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Bí ó bá sọ pé "àwọn tí ó sanra wà nínú ewu", gírámà gbólóhùn náà pé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Olùgbọ́ lè rò pé ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ṣe àṣìṣe. Kí a tó lè yan ọ̀rọ̀ tí ó yẹ, ó di dandan kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn oníṣègùn rí gan-an.

Ohun tí a rí ní Michigan

Kí ó tó di ọdún 2009, àwọn tí oníṣègùn máa ń kà sí ẹni tí àrùn gágá lè pa ni arúgbó, ọmọ ọwọ́, aláboyún, àti ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn, ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà. Ní ọdún náà ni irú àrùn gágá tuntun kan, H1N1, bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà, tí ó sì tàn ká ayé. Ní oṣù keje, ìròyìn kan jáde nípa aláìsàn 10 tí wọ́n gbé wá sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì Michigan nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú àwọn 10 yìí, 9 ni ọ̀rá ara wọn ti kọjá ààlà, 7 nínú wọn sì wà ní ìpele tí ó ga jù lọ. Ìdì ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn 5. Àwọn 3 kú. Ènìyàn 10 kéré púpọ̀ láti fi gbé ìlànà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín náà ya àwọn tí ó kà á lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àgbàlagbà 534 wò ní California, àwọn tí àrùn kan náà gbé dé ilé-ìwòsàn tàbí tí ó pa. Ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ọ̀rá ara wọn kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin gbogbo àgbàlagbà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà.

Àmì kan ti wà tẹ́lẹ̀ tí ènìyàn púpọ̀ kò kà sí. Ní ọdún 2007, Melinda Beck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina kó fáírọ́ọ̀sì gágá ran eku. Wọ́n ti fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ àwọn kan nínú eku wọ̀nyí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n bọ́ àwọn ìyókù bí ó ti yẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lọ́ràá, nǹkan bí 42 kú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò tó 6.

Ààlà tí à ń sọ yìí ní òṣùwọ̀n. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀, ni ó ronú kàn án ní nǹkan bí ọdún 1832. Ọdún 1972 ni Ancel Keys àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fún un ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn fi ń pè é lónìí. A ó wọn gíga ènìyàn ní mítà, a ó sọ iye náà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín ìwúwo ẹni náà ní kìlógíráàmù. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.65, tí ó sì wúwo ní kìlógíráàmù 90, yóò ní 33. Bí ó bá wúwo dé 110, yóò lé ní 40. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí 30. Láti 40 sókè ni ìpele tí ó ga jù lọ. "Òṣùwọ̀n ìwúwo-sí-gíga" ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí a bá pè é ní "ìwọ̀n ìsanra" a ti ṣì í pè, nítorí pé òṣùwọ̀n náà kò wo ọ̀rá rárá: abẹ̀ṣẹ́ tí ara rẹ̀ kún fún kìkì iṣan lè ju 30 lọ láìní ọ̀rá púpọ̀ lára.

Àléébù òṣùwọ̀n yìí kò pin síbẹ̀. Láti ọdún 2022 ni NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé fún àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà, Kàríbíà tàbí Éṣíà wá, 27.5 ni kí á fi ṣe ààlà dípò 30, nítorí pé irú àrùn bí àtọ̀gbẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn kí wọ́n tó wúwo tó àwọn aláwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n tún ní kí ènìyàn fi okùn wọn ìbàdí rẹ̀: kò yẹ kí ó tó ìdajì gíga rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú okùn yìí, nítorí pé ọ̀rá inú ikùn ni ó ń ṣe ìjàǹbá jù.

Ohun tí ọ̀rá ń ṣe

Ìjàǹbá kan jẹ́ ti ìwúwo lásán. Lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni iṣan pẹlẹbẹ kan wà tí ó ya àyà sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn. Bí a bá mí sínú, iṣan yìí a sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró lè rí àyè fẹ̀. Bí ọ̀rá bá kún inú ikùn, yóò máa ti iṣan náà sókè, pàápàá bí ènìyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró a wá máa pa dé, ẹ̀jẹ̀ a sì máa gba ibẹ̀ kọjá láìrí ọ́síjìn gbé. Nígbà tí ara bá le, ẹni náà lè má mọ̀ ju pé òun ń mí hẹlẹhẹlẹ bí òun bá gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n bí òtútù àyà bá wọlé, kò sí àyè tí ó ṣẹ́ kù fún ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kòrónà ni àwọn nọ́ọ̀sì ní láti dà dojú bolẹ̀ kí ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró wọn lè ṣí, iṣẹ́ tí ó ń gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ bí aláìsàn bá wúwo.

Èkejì ṣòro láti rí, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ń wá orúkọ. Fún ìgbà pípẹ́, ojú àká ni àwọn onímọ̀ fi ń wo ọ̀rá, ibi tí ara ń kó oúnjẹ àjẹṣẹ́kù pamọ́ sí. Ní ọdún 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller, ní New York, rí i pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń tú èròjà kan, leptin, sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Àká kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ọ̀rá ń ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí í ṣe ọmọ-ogun ara ń gba iṣẹ́ leptin náà pẹ̀lú. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, àwọn ọmọ-ogun yìí a máa kó wọ inú rẹ̀, wọn a sì máa tú àwọn èròjà ìjà bíi interleukin-6 jáde, láìjẹ́ pé ọ̀tá kankan wọlé. Ara a wà nínú ìjà abẹ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wá dé ní tòótọ́, àwọn ọmọ-ogun lè pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Bí wọ́n bá sì dìde tán, wọ́n lè jà kọjá bí ó ti yẹ, títí wọn yóò fi ba ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n fẹ́ gbà là jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú a máa yára dì, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára àwọn aláìsàn Michigan.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ ni ó máa ń sọ pé ọ̀rá ń mú ewu àrùn pọ̀ sí i. Gbólóhùn yìí kò tó. Ewu kí ni? Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ó ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ síra wọn kedere. Ènìyàn a kó àrùn. Àrùn náà a le mọ́ ọn lára. Ó sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Atúmọ̀ tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú "ewu" kan ṣoṣo ti sọ ohun tí ẹ̀rí kò sọ, nítorí pé ẹ̀rí tí ó wà lórí wọn kò dọ́gba.

Lórí líle ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Ní Lille, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, aláìsàn kòrónà 124 ni wọ́n gbé sí yàrá ìtọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì wọn ni òṣùwọ̀n wọn ju 30 lọ. Nínú àwọn tí tiwọn tó 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 85.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó nílò ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 7 wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Láti 23 sókè, bí òṣùwọ̀n bá ti ń fi oókan lé ni ewu pé àrùn náà yóò le ń pọ̀ sí i. Ohun méjì nínú èsì yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ fiyè sí. Èkínní ni pé àwọn tí ó rù jù pẹ̀lú wọ ilé-ìwòsàn, wọ́n sì kú, ju àwọn tí ó wà láàrin lọ; nítorí náà "bí ó bá ti rù ni ó dára" kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún, àti àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ọ̀rá ń fi kún ewu wọn jù. Ọ̀dọ́ tí ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni kò mọ̀ pé òun ni à ń bá wí.

Lórí kíkó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù ti Cleveland, ní Amẹ́ríkà, wá, ní ọdún 2022. Wọ́n fi àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ọ̀rá wọn lè dín kù, kí kòrónà tó dé, wé àwọn tí kò ṣe é. Nínú àwọn tí ó ṣe é, ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kó kòrónà. Nínú àwọn tí kò ṣe é, ìdá 8.7. Kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí ó kó o, ewu pé àrùn náà yóò gbé ènìyàn dé ilé-ìwòsàn fi nǹkan bí ìdajì kéré lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti fọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò nílò ọ́síjìn tó àwọn yòókù. Wọ́n kó o bákan náà. Kò le mọ́ wọn bákan náà.

Ti ríràn ni ènìyàn kì í sábà rántí. Ní Managua, olú-ìlú Nicaragua, àwọn onímọ̀ tọ ẹsẹ̀ àrùn gágá láti ilé dé ilé láàrin ọdún 2015 sí 2017. Wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì pẹ́ lára àgbàlagbà tí ọ̀rá rẹ̀ kọjá ààlà, tí àrùn sì hàn lára rẹ̀, ju bí ó ti pẹ́ lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí fáírọ́ọ̀sì bá pẹ́ lára rẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ sí i tí ó lè fi kó o ran ará ilé.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára fa ẹsẹ̀ lé ààlà àárín kíkó àti líle. Ní North Carolina kan náà, wọ́n tọ ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí ó lé ní 1,000 tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára gágá, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017: ìdá 9.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọ̀rá wọn kọjá ààlà ni àrùn gágá tàbí ohun tí ó jọ ọ́ tún mú, ìdá 5.1 sì ni láàrin àwọn tí ara wọn wà ní ìwọ̀n. Èyí kò sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò wúlò. Nígbà tí kòrónà dé, àjẹsára dín ikú àti líle àrùn kù gidigidi lára ọlọ́ràá àti ẹni tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ní Cambridge àti ní Scotland fi hàn ní ọdún 2023 pé agbára rẹ̀ ń tètè dín kù lára àwọn tí òṣùwọ̀n wọn ju 40 lọ, àti pé ó yẹ kí wọ́n tètè gba òmíràn.

Orúkọ tí ó yẹ

Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú Ètò Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá kì í bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìbátan rẹ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn fún ohun tí à ń sọ yìí ni "àsanrajù". Ìhun rẹ̀ pé, ó sì rọrùn láti pè. Ṣùgbọ́n àwọn ìbátan rẹ̀ ni àjẹjù, àmujù, àsọjù àti àṣejù. Ìwà ni gbogbo wọn, ìwà tí a ń torí rẹ̀ bá ènìyàn wí. Ẹni tí a bá sọ fún pé ó ní àsanrajù yóò gbọ́ àjẹjù lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìran ẹni, oúnjẹ tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹni, àìsùn tó àti àwọn oògùn kan ni wọ́n jọ ń fà á. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ Cambridge ṣàpèjúwe ọmọdé méjì tí ara wọn kò lè ṣe leptin láti inú ìyá wọn wá. Ebi kì í tán lára wọn. Ta ni yóò bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wí pé ó ṣe àṣejù?

Kò sì sí ọ̀nà tí "sanra" fi lè bọ́ lọ́wọ́ ìyìn àti ẹ̀sín. "Sanra rọ̀gbọ̀dọ̀" ń yin ènìyàn, "sanra jọ̀kọ̀tọ̀" sún mọ́ ìfiṣẹ̀sín. Oníṣègùn kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Ọ̀rá-àpọ̀jù" ni ó yẹ jù. Àpọ̀jù ní ìhun kan náà pẹ̀lú àjẹjù, ṣùgbọ́n "pọ̀" kì í ṣe ìwà: omi lè pọ̀ jù, òjò lè pọ̀ jù, a kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀rọ̀ náà dárúkọ ohun tí ń ṣe ìjàǹbá, kò dárúkọ ènìyàn. Ó tún sún mọ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣàlàyé rẹ̀, pé ó jẹ́ kí ọ̀rá gbárajọ rékọjá ààlà títí yóò fi lè pa ìlera lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè tako ó pé ọ̀rọ̀ náà lè dàrú mọ́ ọ̀rá inú ọbẹ̀. Òtítọ́ ni, nítorí náà ó dára kí á kọ "ọ̀rá-àpọ̀jù ara" ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹ yọ nínú ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ dá a lábàá pé kí á pín in sí méjì: èyí tí ó ti ń ba iṣẹ́ ẹ̀yà ara jẹ́, àti èyí tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀rọ̀ tuntun kún ti àtẹ̀yìnwá. Yorùbá ní "ti" àti "tíì" nílẹ̀: ọ̀rá-àpọ̀jù tí ó ti di àrùn, ọ̀rá-àpọ̀jù tí kò tíì di àrùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí atúmọ̀ gbọdọ̀ yẹra fún, èyí ni "okùnfà". Fáírọ́ọ̀sì ni okùnfà àrùn gágá àti kòrónà. Ọ̀rá kò fà á. Ó ń sún ènìyàn sí ibi tí àrùn yóò ti le mọ́ ọn ni. "Asúnniséwu" lè jẹ́ orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ ogbó, sìgá àti àtọ̀gbẹ sì wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí asúnniséwu wà lára rẹ̀ ni kòrónà mú tí ó sì lọ láìṣe é ní nǹkan.

Bí a bá fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ ìkìlọ̀ tí ìjọba fẹ́ kí ará ìlú gbọ́, yóò lọ báyìí: "Bí ọ̀rá-àpọ̀jù bá wà lára yín, kò fi dandan túmọ̀ sí pé ẹ ó kó àrùn gágá tàbí kòrónà ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó o, ó lè le mọ́ yín ju ẹgbẹ́ yín lọ, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́. Ọjọ́ tí ẹ lè fi kó o ran ará ilé yín sì lè pọ̀ sí i. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò. Bí mímí bá di ìṣòro fún yín, ẹ tètè lọ sí ilé-ìwòsàn." Ó gùn ju "àwọn tí ó sanra wà nínú ewu" lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ìyá àgbà tí a bá kà á fún lè béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń fún ni ní abẹ́rẹ́ náà. Kò ní béèrè ìgbà tí ara sísan di àìsàn.